Ìlọrin Ni Mo Kọ Síbẹ̀

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́, ẹ má jẹ́ kí fọ́tò mi hàn níbì kankan, torí àwọn ará àdúgbò wa wà lórí page yìí. Èmi ni mo jẹ́ kí gbogbo jàmáà mọ́sáláṣí bàbá mi máa jẹ sààrì lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti mọ́ nínú ààwẹ̀ tó kọjá. Ó ti jáde lẹ́nu mi báyìí. Kì í ṣe ọjọ́ kan o, ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Kò sì sí ẹni tó mọ̀ títí di òní yìí, àfi èmi àti Ọlọ́run, àti ẹ̀yin báyìí. Tí ẹ bá fẹ́ bú mi, ó tọ́ sí mi, ṣùgbọ́n ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi, torí ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni ẹnì kan máa wá jókòó síwájú mi, mi ò sì mọ ojú tí mo fẹ́ fi wò ó.

Minna ni mò ń gbé, ní Keteren Gwari, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ni Àfáà, ó ní ilé kéwú lójúde wa, òun sì ni lèmọ́mù mọ́sáláṣí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ọmọ Ìlọrin ni wá. Ẹ rántí gbólóhùn yẹn o, torí òun ló kó bá mi. Bàbá tó bí bàbá mi ló kó wá sí Minna, àwa ọmọ tí wọ́n bí síbí, Hausa la fi ń ṣeré, Hausa la fi ń jà, tí a bá la ẹnu sọ Yorùbá, àwọn mọ̀lẹ́bí tó wá láti Ìlọrin á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí máa ń dun màmá mi wọ egungun. Láti kékeré, fọ́ọ̀mù èyíkéyìí tó bá wọlé wa, ìbáà ṣe ti ilé ìwé, ìbáà ṣe ti ọsibítù, tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè ìlú, màmá mi á dúró lẹ́yìn mi, á ní kí n kọ Ìlọrin. Mo kọ Minna lẹ́ẹ̀kan péré, nígbà tí mo wà ní primary three. Ìgbátí tí mo jẹ lọ́jọ́ náà, mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Ó ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ. Látìgbà yẹn, ọwọ́ mi ò kọ Minna mọ́. Ìlọrin tí mo ń wí yìí náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni mo ti débẹ̀ láyé mi, ìgbéyàwó méjì, òkú kan, àti ìgbà kan tí a lọ kí ìyá bàbá mi. Mi ò lè júwe ọ̀nà ilé wa níbẹ̀ fún ọlọ́kadà.

Nígbà tí mo parí ìsìn agùnbánirọ̀ tí iṣẹ́ ò sí, mo lọ wọ kíláàsì kan ní Bosso, nítòsí campus, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní code. Bàbá mi ló ń fún mi lówó kẹ̀kẹ́ lójoojúmọ́, kò mọ ohun tí mò ń kọ́, ó kàn ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọmọ òun ń kọ́ kọ̀ǹpútà. Ó tó oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó kọ́ wa ní library, àkójọ code tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀, tí wọ́n fi ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ API. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yé mi, kí ẹ lè mọ bí mo ṣe ṣubú. Ìkànnì kan wà níbìkan tó mọ nǹkan, bóyá bí òjò ṣe máa rọ̀, bóyá àkókò ìrun. API ni fèrèsé tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ béèrè. Library yẹn wá ni ìránṣẹ́ tí o máa rán lọ sí ojú fèrèsé. O máa sọ ibi tó ń lọ fún un, o máa sọ ohun tó máa béèrè, á lọ, á bọ̀, á gbé èsì lé ẹ lọ́wọ́. Ìlà mẹ́rin péré ni code rẹ̀, ó rọrùn débi pé ẹ̀rù bà mí. Gbogbo wa la mú nǹkan tó wù wá, àwọn kan mú owó dọ́là, àwọn kan mú bọ́ọ̀lù, èmi mú àkókò ìrun torí ọmọ Àfáà ni mí. Àpẹẹrẹ tó wà lójú ìwé ìbẹ̀rẹ̀ wọn, London ni ìlú tó wà níbẹ̀. Wọ́n wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kí o yọ London kúrò, kí o fi ìlú tìẹ síbẹ̀. Ìlú tìẹ... Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tí mo kọ.

Mi ò rò ó o. Wallahi, mi ò rò ó rárá. Bí ọwọ́ mi ṣe ń kọ orúkọ mi náà ló ṣe kọ Ìlọrin. Mo tẹ Enter, èsì dé, 200. Nọ́ńbà yẹn ni library náà fi ń sọ fún èèyàn pé ohun gbogbo lọ dáadáa. Àkókò ìrun máràrùn-ún tò sílẹ̀ níwájú mi, láti Àsùbáà dé Ìṣáì. Mo pariwo, mo dìde lórí àga, mo jó. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún mi. Àwọn nǹkan mìíràn wà nísàlẹ̀ èsì náà, ibi tó ti kọ ipò ìlú náà lórí ilẹ̀ ayé ní nọ́ńbà, mi ò kà á. Ta ni ń ka ìyẹn? 200 ti dé, ó ti parí.

Mo gbé laptop délé, mo fi han bàbá mi. Bàbá mi wò ó títí, ó wá béèrè bóyá nǹkan yìí lè mọ ìgbà tí ilẹ̀ máa mọ́ lọ́la. Mo ní ó mọ̀ ọ́n. Ó béèrè bóyá ó mọ ti ọdún tó ń bọ̀. Mo ní ó mọ̀ ọ́n. Ó pe màmá mi kó wá wò ó. Mi ò rí bàbá mi kó wò mí báyìí rí, ẹ̀yin èèyàn mi. A jẹ́ ọmọ méje, ọkùnrin mẹ́rin wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ké kéwú wọn dáadáa, èmi ni wọ́n máa ń ní kí n lọ da omi sínú bútà. Lọ́jọ́ yẹn ó ní kí n jókòó sórí àga. Ààwẹ̀ kù bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní kí n kọ àkókò sààrì àti ìṣínu fún gbogbo oṣù náà, kí n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri mọ́sáláṣí. Mo ṣe é. Mo tún ń fi tojoojúmọ́ ránṣẹ́ sí WhatsApp group jàmáà. Code kan náà ni mo lò. File tí mo fi kọ́ṣẹ́ yẹn ni mo ṣí, mi ò yí ohunkóhun nínú rẹ̀, mo kàn ní kó máa béèrè lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Mùsùlùmí, kó lè yé yín: sààrì ni oúnjẹ tí à ń jẹ ní ìdájí kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Bí àfẹ̀mọ́júmọ́ bá ti là, ẹnu gbọ́dọ̀ ti dákẹ́. Kí n tó dé pẹ̀lú laptop mi, ẹni tó ń mọ ìgbà náà fún wa ni Bàbá Ládàánì. Òun ló ń pe ìrun ní mọ́sáláṣí wa láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Iṣẹ́ rélùwéè ló ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀yìn mọ́sáláṣí ni yàrá rẹ̀ wà. Á jáde ní ìdájí, á dúró sí ojú kan náà, láàárín tánkì omi ilé kejì àti òpó iná, á dojú kọ ibi tí oòrùn ti ń yọ. Bí ìmọ́lẹ̀ funfun yẹn bá ti fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀run, á wọlé lọ pe ìrun. Nígbà tí mo wà ní kékeré, dàbínù máa ń wà nínú àpò rẹ̀ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìyẹn náà.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ààwẹ̀, Bàbá Ládàánì ń pe ìrun bó ṣe máa ń pè é, bébà mi sì ń sọ pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Àwọn èèyàn ń gbọ́ ohùn rẹ̀ pẹ̀lú kunu lẹ́nu. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé bàbá yìí ń já oúnjẹ gbà mọ́ àwọn lẹ́nu. Ní ọjọ́ kẹrin, lẹ́yìn Àsùbáà, bàbá mi ní kí gbogbo wa jókòó síwájú ilé kí ọ̀rọ̀ náà lè yanjú, ó sì ní kí n gbé laptop mi jáde. Bàbá Ládàánì sọ̀rọ̀ kékeré, kò gbé ohùn sókè. Ó ní, “Ọmọ mi, mo rí i. Ó ti fẹ̀ kí n tó wọlé. Àwọn ará òdìkejì títì náà ti pè é.” Òótọ́ ni, mọ́sáláṣí àwọn Hausa tó wà lódìkejì máa ń pè é ṣáájú wa, èmi sì ti sọ fún bàbá mi pé bébà àtijọ́ ni wọ́n ń lò. Ibo ni mo ti rí i pé bébà àtijọ́ ni wọ́n ń lò? Mi ò rí i níbì kankan. Ẹnu mi ló sọ ọ́.

Ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà ni mi ò lè fi sùn. Mo ṣí laptop, mo run code náà lójú gbogbo èèyàn, 200 jáde, mo yí screen sí wọn. Mo ní ẹ̀rọ yìí kì í fi ojú wo nǹkan, ìṣirò ló ń ṣe. Mo tún un sọ ní Hausa kí àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn lè gbọ́ dáadáa. Mo wá kọjú sí Bàbá Ládàánì, mo ní kó má bínú o, ojú náà máa ń darúgbó. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbádùn ẹ̀rín yẹn. Ẹ̀yìn aṣọ títa ni àwa obìnrin máa ń jókòó sí ní mọ́sáláṣí wa, ọjọ́ yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi tí àwọn ọkùnrin àdúgbò yí ọrùn kí wọ́n lè gbọ́ ohun tí mò ń sọ, èmi sì wá fi àgbàlagbà pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ẹni tó fún mi ní dàbínù. Bàbá náà ò bá mi jà. Ó wo ojú ọ̀run, ilẹ̀ ti mọ́ kedere nígbà yẹn, ó ní, “To. Bóyá ojú mi ni.” Ó dìde, ó gbọn ìdí aṣọ rẹ̀, ó wọ yàrá lọ.

Láti ọjọ́ karùn-ún títí ọgbọ̀n ọjọ́ ààwẹ̀ fi pé, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ló ń fi bébà mi pe ìrun. Tó bá tún di ìrọ̀lẹ́, a ń pẹ́ kí a tó ṣínu, gbogbo àdúgbò á ti máa jẹ àkàrà kòsé, àwa á ṣì jókòó ti oúnjẹ tí à ń wò ó níran, bàbá mi á ní sùúrù lérè. Kí ló dé tí ọgbọ́n ò wá sí mi lórí níbẹ̀? Ọmọ Bàbá Ládàánì tó ń gbé ní Fadikpe, nínú Minna níbí, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó wá mú bàbá rẹ̀ lọ sí ọsibítù ojú. Wọ́n fún un ní awò. Èèyàn tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọsibítù ojú wo ló máa lọ tí wọn ò ní fún un ní awò? Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ní ẹ ò rí i, ọmọ yẹn sọ ọ́. Ọmọ rẹ̀ kó o lọ sí Fadikpe lọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ní bàbá òun ò gbọdọ̀ máa dá rìn nínú òkùnkùn mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ, ó wá sí iwájú ilé wa, bàbá mi wà níbẹ̀, màmá mi wà níbẹ̀. Ó ní kí n dárí ji òun, pé díẹ̀ ló kù kí òun fi ojú òun kó àwọn èèyàn ṣìnà nínú ẹ̀sìn wọn. Ó kó dàbínù sí mi lọ́wọ́. Mo gbà á. Mo ní kò sí nǹkan kan, Bàbá. Mo dárí jì í... Ṣé ẹ gbọ́? Èmi ni mo dárí jì í.

Ó tó bí oṣù méjì lẹ́yìn ọdún ìtúnu kí àṣírí tó tú sí mi lọ́wọ́. Olùkọ́ wa ní Bosso ní kí n wá kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní library yẹn, torí èmi ni mo ti fi ṣe nǹkan gidi. Mo gbé code mi sójú ògiri. Mò ń ṣe fáàrí, mò ń sọ fún wọn pé mọ́sáláṣí odindi ló ń lò ó. Ọmọbìnrin kan nínú wọn na ọwọ́ sókè, ó ní, “Aunty, ba a Minna muke ba?” Ó ń béèrè pé ṣé kì í ṣe Minna la wà ni. Mo yíjú wo ògiri. Ìlọrin ló wà níbẹ̀. Ó tóbi, ó funfun, ó wà láàárín àmì méjì. Mo rẹ́rìn-ín, mo sọ fún wọn pé àpẹẹrẹ lásán ni, mo pa á rẹ́, mo kọ Minna síbẹ̀, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Mi ò mọ ohun tí mo kọ́ wọn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, mo béèrè méjèèjì pọ̀, Minna àti Ìlọrin, ọjọ́ kan náà. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló wà láàárín wọn. Apá ibi tí oòrùn ti ń yọ ni Minna wà sí Ìlọrin, ilẹ̀ wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ́, ọmọ primary mọ ìyẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn gan-an ni Bàbá Ládàánì fi ń ṣáájú bébà mi. Ojú tí mo ní ó ti darúgbó ka ọ̀run bó ṣe yẹ, ó kà á láì fi ìṣẹ́jú kan ṣì í, èmi tí mo ní library, tí mo ní laptop, tí mo ní data, n kò mọ ìlú tí mo wà. Code yẹn ò sì parọ́ fún mi o, òótọ́ Ìlọrin tí mo béèrè ló gbé wá. 200 ò sọ fún mi rí pé ohun tí mo béèrè tọ́. Ohun tó ń sọ ò ju pé a ti gbọ́ ìbéèrè ẹ, èsì rẹ̀ rèé.

Ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn yí Ìlọrin padà sí Minna nínú code ti mọ́sáláṣí. Ní ọjọ́ kejì, àkókò Àsùbáà tí mo fi sí group fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ yá ju ti àná lọ. Ẹnì kan béèrè ohun tó fà á. Mo kọ “update”. Wọ́n fi àtàǹpàkò dá mi lóhùn, àwọn kan kọ Masha Allah sí i. Update! Ìtìjú ò pa mí lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí.

Torí mo mọ òfin rẹ̀, ẹnu bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ láti ìgbà tí mo ti ń jókòó sẹ́yìn aṣọ títa. Ẹni tó bá jẹun lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti mọ́ tí kò mọ̀, kò dẹ́ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kó san ọjọ́ yẹn padà. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ará ilé wa kì í tètè jẹ sààrì tán. Bàbá mi fúnra rẹ̀, bí ó bá ti ku ìṣẹ́jú kan lórí bébà, á ní kí n gbé omi wá. Èmi ni mò ń gbé omi náà fún un. Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi gbé omi fún bàbá mi lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti mọ́, ó ń wo bébà mi, ó ń ṣàdúrà fún mi kó tó mu ún. Ẹ tún wá gbọ́ èyí tó burú jù. Mo ti san tèmi. Mo gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ títí mo fi san mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n pé. Màmá mi rò pé ọkọ ni mò ń tọrọ, ó ń fi mí yangàn fún àwọn ará ilé kejì. Èmi ti bọ́, bàbá àti ìyá mi ò tíì bọ́, àwọn ìyá arúgbó tó ń tẹ̀lé bébà mi ò tíì bọ́, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wà lọ́rùn àwọn. Irú ọmọ wo ni mí?

Ààwẹ̀ tuntun ò ju oṣù kan àti díẹ̀ lọ mọ́. Kó tó wọlé ló yẹ kí wọ́n san ti èṣí. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ fún bàbá mi, mo mọ irú ẹni tó jẹ́, kò ní bò ó. Orí mínbárì ló máa dúró sí lọ́jọ́ Jímọ̀ láti sọ fún gbogbo èèyàn pé ọmọ òun ló ṣe é. Àwọn kan ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé kí ló kan ọmọbìnrin pẹ̀lú àkókò ìrun. Wọ́n á ní a wí bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi obìnrin tí bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kó máa lọ sí Bosso nítorí tèmi, ṣé á ṣì jẹ́ kó lọ? Ó ti ṣe mí bíi kí n ní ìkànnì náà ló ṣàṣìṣe. Mo ti kọ ọ́ sínú fóònù mi tán pé wọ́n fún wa ní àkókò tí kò tọ́, kí jàmáà forí jì wọ́n. Ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò? Bàbá mi á gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo pa á rẹ́. Mo ti fi ẹ̀bi mi lé ojú ẹnì kan lórí tẹ́lẹ̀, mi ò lè tún fi lé ẹlòmíràn lórí.

Ohun tó jẹ́ kí n wá bá yín rèé. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Bàbá Ládàánì pe fóònù màmá mi, ó ní kí wọ́n fún òun ní ọmọ òun. Ọmọ òun, èmi nìyẹn. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin ti ra fóònù ńlá fún òun, òun fẹ́ kí n bá òun gbé nǹkan tí mo fi ń mọ àkókò yẹn sínú rẹ̀. Mo béèrè bóyá ó ṣì ń jáde wo ojú ọ̀run. Ó ní rárá o, òun ti fi í sílẹ̀, bí òun bá jí ní ìdájí, òun á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, òun á máa dúró títí òun á fi gbọ́ ohùn ẹlòmíràn, torí òun ò gbẹ́kẹ̀ lé ojú òun mọ́. Ẹni tó fi ojú yẹn darí wa láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi... Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú, ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó ní tí a bá kírun Jímọ̀ tán, òun á gba kẹ̀kẹ́ wá láti Fadikpe. Ó ní kí n fi ojú sọ́nà, dàbínù mi wà lọ́wọ́ òun.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé bàbá mi ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, àbí Bàbá Ládàánì? Ṣé kí n jẹ́ kó jókòó kí n tó kúnlẹ̀, àbí kí n lọ bá a ní Fadikpe kó tó wá, kó má baà jẹ́ pé òun ló tún wọ kẹ̀kẹ́ wá gbọ́ ọ lẹ́nu mi? Àwọn tó jẹ́ Àfáà nínú yín, ṣé ààwẹ̀ tí mo san yẹn tiẹ̀ jẹ́ ààwẹ̀, nígbà tí mo ń gbà á lẹ́yìn àwọn èèyàn tí mo kó sí gbèsè? Ẹ má sọ fún mi pé kí n dákẹ́. Mo ti dákẹ́ wò. Mo tilẹ̀ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí mo bá dákẹ́: á gba fóònù náà, á jáde lọ́jọ́ kan láti dán an wò, á rí i pé ohun tí ojú òun rí àti ohun tí fóònù sọ bára mu, á rò pé awò ló tún ojú òun ṣe, á sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fún òun ní in. Ní ọjọ́ Jímọ̀, á na fóònù sí mi, màá ṣí i, nǹkan náà á béèrè pé ìlú wo. Ojú rẹ̀ á wà lára ọwọ́ mi. Ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ fún un kí n tó kọ Minna síbẹ̀.